Ọ̀gá Ìdára àti Ike Ìdọ̀tí Barney

Ní ìlú Yarrabool, níbi tí wọ́n ti ń pe olórí ìjọba pàápàá ní orúkọ àbísọ láìfi nǹkan kan kún un, ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè lórúkọ. Òun ni Ọ̀gá Pátápátá fún Ìdára Ètò Ìwà. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ormond, ó sì jogún Thackwell lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan oyè yìí mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, bí o bá pàdé rẹ̀ tí o ní, "Ormond, báwo ni?", yóò bojú wẹ̀yìn bóyá Ormond kan ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kí ẹ má baà rò pé ó ń jẹun lásán. Nílẹ̀ yẹn, bí ẹnì kan bá wà tí òye rẹ̀ ń rọra rìn, tí inú rẹ̀ ń ru, tó ń lu nǹkan tàbí tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ìjọba ní kí wọ́n kọ ètò sílẹ̀ fún un. Kí ló ń bí i nínú? Kí ló ń wá tí kò lẹ́nu láti bèèrè? Báwo ni àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ yóò ṣe ràn án lọ́wọ́ tí kò fi ní di pé wọ́n ń tì í mọ́lé, tí wọ́n ń fi oògùn mú un sùn? Ẹni tó dá òfin náà sílẹ̀ ronú dáadáa, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Iṣẹ́ Ọ̀gá Thackwell sì ni láti yẹ ìwé ètò wọ̀nyí wò bóyá wọ́n dára. Ẹ ṣàkíyèsí o, ìwé ni. Kò sẹ́ni tó ní kó má wo ènìyàn tí wọ́n kọ ọ́ fún. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i pé ènìyàn a máa ba ìwé jẹ́.

Bó ṣe ń mọ ìwé tó dára kò le rárá. Á kọ́kọ́ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, á gbọn ọ́n wò bí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀gúsí. Bó bá fúyẹ́, kò dára. Lẹ́yìn náà á ṣí i, á wá ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí kò bá rí i, kò dára. Bí ó bá rí i, á mú òǹtẹ̀ pupa, á fi èémí sí i, á tẹ̀ ẹ́ gbà-á sí iwájú ìwé náà: Ó DÁRA. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá wà nítòsí á sì pàtẹ́wọ́.

Ẹni tó máa ń ṣíwájú pípàtẹ́wọ́ ni igbákejì rẹ̀, Lachlan Peebles. Ọkùnrin yìí kò ní egungun lẹ́yìn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fi ahọ́n dí i fún un. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá á kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, á di ojú, á ka ìpínrọ̀ kan nínú ìwé ètò bí ẹni tó ń ka àdúrà. Bó bá parí, Peebles á nu ojú.

"Ọ̀gá wa," á ní, "ìpínrọ̀ kejì yẹn fẹ́ẹ̀ mú mi sunkún."

"Ìkẹta ńkọ́?"

"Ìkẹta ti mú mi sunkún, Ọ̀gá. Ẹ wo ojú mi."

Nígbà kan, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ níbẹ̀ nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ti balẹ̀?" Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti gbé ọmọbìnrin náà lọ sí ẹ̀ka tó ń ra bébà àti inki.

Ìfẹ́ Peebles sí ọ̀gá rẹ̀ kò mọ sí ọ́fíìsì. Ní Yarrabool, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni gbogbo ilé ń ti ike ìdọ̀tí onítáyà wọn síta, onídèérí pupa fún pàǹtí, onídèérí yẹ́lò fún bébà àti ìgò, kí ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí tó kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó sì ní bí wọ́n ṣe ń gbé e: iwájú rẹ̀ á kọjú sí títì, táyà á kọjú sí ilé. Ọwọ́ irin ni ọkọ̀ yẹn fi ń gbé ike. Bí o bá gbé tìrẹ sódì, yóò fò ọ́ kọjá, àwọn aládùúgbò á sì fi ọ́ ṣe ẹ̀fẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì. Peebles ló ń bá Ọ̀gá Thackwell ti ike tirẹ̀ síta ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá kò mọ iwájú ike yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ni ẹni tó ń yẹ ìdára wò fẹ́ fi ìdọ̀tí ṣe?

Ibí yìí ni Barney Quillinan ti wọlé.

Barney kì í ṣe ọmọdé, irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Òye rẹ̀ ń rọra rìn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé ní Òpópó Tuohy, iṣẹ́ tó sì yàn fún ara rẹ̀ láti kékeré ni ike ìdọ̀tí. Kì í ṣe ti ilé wọn nìkan. Ti gbogbo òpópó ni. Á tì í síta, á yí i kí ó kọjú síbi tó yẹ, á fọwọ́ pa ìdérí rẹ̀ bí ẹni pa orí ajá, á ní, "Ó dára." Láàárọ̀, á dúró de ọkọ̀, á juwọ́ sí awakọ̀, á sì dá ike kọ̀ọ̀kan padà sílé onílé. Àwọn arúgbó òpópó yẹn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ń jìjàdù ẹni tí yóò fún un ní páì ẹran.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ìjọba gbé e lọ sí ilé àjùmọ̀gbé kan ní Òpópó Kurrajong. Ilé náà mọ́, ó ní àwọn olùtọ́jú, ó sì ní ike ìdọ̀tí. Àwọn olùtọ́jú ló ń ti ike náà síta. Barney á gbọ́ ìró ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á sáré síbi ilẹ̀kùn, á bá a ní títì, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Á gbá a títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi wú. Wọ́n kọ ètò fún un. Ètò ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kejì kún ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì fún un ní oògùn. Oògùn náà ń mú kí itọ́ máa dà sára síkáàfù ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó ń sùn lọ́sàn-án gangan, bó bá sì di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á tún gbá ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fẹ̀ ni mo bá wá síbí.

Ìwé ètò Barney yìí ni Ọ̀gá Thackwell fẹ́ràn jù láyé. Ó nípọn bí bíríkì. Ó fi awọ aláwọ̀ wúrà bò ó. Ó ti kọ̀wé sí mínísítà pé kó wá wo ìwé tó dára jù lọ ní gbogbo ìpínlẹ̀, mínísítà sì ti gbà pé òun ń bọ̀.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Barney ṣì ń gbá ilẹ̀kùn. Ọ̀gá ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ó sì rí ọ̀nà àbáyọ. Yóò gbé Barney lọ sí Coolagong, ilé ìtọ́jú olódi gíga kan tó jìnnà réré.

Ọjọ́ tí Glenda, ẹ̀gbọ́n Barney, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò dúró pààkì bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń wà dáadáa. Ó gbé e dí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó wọlé tòun ti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Ormond, wọ́n ní o fẹ́ gbé àbúrò mi lọ sí Coolagong."

Ọ̀gá bojú wẹ̀yìn. Kò sí Ormond kankan níbẹ̀.

"Màdáámù," ó ní, "Ọ̀gá Pátápátá ni wọ́n ń pè mí."

"Ta ló ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀? A jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwọ lo tọ̀ sára lọ́jọ́ eré ìje, màmá mi ló wá ṣòkòtò fún ọ."

Peebles wúkọ́. Ọ̀gá ní kó jáde. Peebles kò jáde, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mọ́ ọn.

"Ẹ jókòó, màdáámù. Ìwé ètò àbúrò yín kò ní àbùkù kankan. Mo yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi. Síbẹ̀ àbúrò yín ń gbá ilẹ̀kùn. Tí ìwé kò bá ní àbùkù, ta ló wá ní àbùkù?"

"Ìwọ ni."

"Barney ni! Ó kọ̀, kò fẹ́ bá ìwé mu! Ní Coolagong, odi ga, ilẹ̀kùn nípọn, kò sí aládùúgbò tí yóò gbọ́ ariwo. Ibẹ̀ ni yóò ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀lé ètò."

Glenda kò jókòó. Coolagong wà láàárín pápá gbígbẹ, níbi tí èèyàn yóò wakọ̀ láti àárọ̀ tí ilẹ̀ yóò fi ṣú kó tó dé. Lẹ́yìn ìyá wọn, òun nìkan ni Barney ní, òun ló sì ń bá a jẹun ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Bí wọ́n bá gbé e débẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọn yóò máa ríra, bóyá.

"Mo ti sọ fún yín," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Ike ìdọ̀tí ló fẹ́ tì síta. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ fún un ní ike, kò ní gbá nǹkan kan."

"Ìdọ̀tí!" Ọ̀gá Thackwell fi áńkáṣífù bo imú bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ń rùn. "Ẹ fẹ́ kí n kọ ìdọ̀tí sínú ìwé aláwọ̀ wúrà? Kí mínísítà ṣí i kó bá pàǹtí níbẹ̀? Ìdí tí ènìyàn fi ń gbá ilẹ̀kùn jinlẹ̀, màdáámù. Ó jinlẹ̀ gan-an ni. Kò lè jẹ́ ike."

Peebles tẹrí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bàtà yẹn mọ̀. Peebles ló kọ ìwé náà, ó sì ti fi ọ̀rọ̀ ike ìdọ̀tí síbẹ̀ ní ojú ìwé àkọ́kọ́, torí Glenda sọ fún un. Ọ̀gá ló ní kó yọ ọ́, kó fi ìpínrọ̀ tó gùn rọ́pò rẹ̀. Peebles yọ ọ́, ó sì pàtẹ́wọ́ sí yíyọ tí ó yọ ọ́.

"Lẹ́yìn tí mínísítà bá wo ìwé tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," Ọ̀gá parí ọ̀rọ̀, "níwájú rẹ̀ ni n ó ti fọwọ́ sí i pé kí Barney máa lọ sí Coolagong. Òfin ní kí mọ̀lẹ́bí wà níbẹ̀. Ẹ wá. Tíì á wà, bísíkíìtì náà á wà."

Ó kù ọ̀la kí mínísítà dé, Ọ̀gá àti Peebles lọ sílé tó wà ní Kurrajong láti fi ètò dánra wò. Semisi ló bá níbẹ̀, olùtọ́jú kan tí ìran rẹ̀ wá láti erékùṣù Tonga, tó ga tó bẹ́ẹ̀ tó máa ń tẹrí ba wọ ilẹ̀kùn. Ohun tí Ọ̀gá kọ́kọ́ rí níta ni ike ìdọ̀tí méjì.

"Kí lèyí?"

"Ike ìdọ̀tí ni, Ọ̀gá. Ọ̀la ni ọjọ́ rẹ̀."

"Kò sí ìdọ̀tí lọ́la. Mínísítà ń bọ̀."

"Ọ̀gá, ọkọ̀ á wá o."

"Ọkọ̀ á kọjá! Mínísítà ni yóò dúró. Peebles, gbé nǹkan wọ̀nyí pa mọ́."

Peebles tì wọ́n gba ẹ̀yìn ilé wọ yàrá ìfọṣọ. Òórùn ẹja àná tẹ̀ lé e wọlé.

Ọ̀gá wá kọ́ Semisi ní ètò bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ábídí. Bí Barney bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá nǹkan, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ yíjú sí ògiri. Kí wọ́n panu mọ́. Kí Semisi ti ilẹ̀kùn iwájú pa, kó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, kó má sì ṣí i títí ariwo yóò fi dáwọ́ dúró pátápátá. Bí ariwo bá tún bẹ̀rẹ̀, kí dídúró náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Bí wọ́n bá bẹ̀ mí ńkọ́?" ni Semisi bèèrè.

"Ìwé kò mọ ẹ̀bẹ̀."

"Bí ẹni náà bá lóun fẹ́ tọ̀ ńkọ́?"

"Ìwé kò mọ ìtọ̀. Gbọ́ mi dáadáa, ìwọ ọkùnrin yìí. Bí èmi Ọ̀gá Pátápátá gan-an bá dúró síbi ilẹ̀kùn yẹn tí mò ń gbá a, tẹ̀ lé ìwé!"

"Mo gbọ́, Ọ̀gá," ni Semisi wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́. Mọ́tò dúdú mínísítà wá dúró lẹ́bàá títì. Obìnrin kúkúrú kan tó ń wo aago ló sọ̀ kalẹ̀, àwọn ènìyàn ńláńlá tó wà nílùú sì wọ́ tẹ̀ lé e wọlé. Glenda jókòó sí igun, kò fọwọ́ kan tíì. Barney jókòó tì í, síkáàfù rẹ̀ lọ́rùn, oògùn ti mú ojú rẹ̀ rọ̀.

Ọ̀gá Thackwell gbé ìwé aláwọ̀ wúrà sókè.

"Ọlọ́lá jù lọ, ẹ̀yin èèkàn ìlú, kí ayé tó dé, òkùnkùn ló bo ojú ibú. Kí ọ́fíìsì mi náà tó dé, òkùnkùn ló bo ìwà ọmọ ènìyàn! Ta ló mọ ìdí tí ẹnì kan fi ń gbá ilẹ̀kùn? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n! Àwọn kan ní bóyá ebi ni. Àwọn kan ní bóyá, ẹ dárí jì mí, bóyá ìdọ̀tí ni! Ṣùgbọ́n ìwé yìí, Ọlọ́lá, ẹ gbé e wò. Ẹ gbọ́ bó ṣe wúwo."

Mínísítà gbé e, apá rẹ̀ sì wálẹ̀.

"Ó wúwo lóòótọ́. Ṣé ó ti ṣe ọkùnrin náà láǹfààní?"

Peebles rí i pé ìbéèrè náà léwu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àwọn èèkàn ìlú bá a pa á. Láàárín àtẹ́wọ́ yẹn ni ìró kan ti ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òpópó, ìró ẹ́ńjìnì ńlá àti irin tó ń gbé nǹkan sókè tó ń gbé e kalẹ̀. Barney gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ là. Ó dìde, ó sáré síbi ilẹ̀kùn, ó bá a ní títì, ó bẹ̀rẹ̀: gbà, gbà, gbà.

Ẹ̀rù yẹ kó ba ọ̀gá tó bá lọ́gbọ́n lórí. Inú ọ̀gá tiwa dùn ni.

"Ẹ wò ó! Àǹfààní ńlá! Ọlọ́lá, ẹ ó fi ojú ara yín rí iṣẹ́ ìwé! Ẹ yíjú sí ògiri, gbogbo yín!"

Gbogbo wọn yíjú sí ògiri. Ẹ wo ọ̀gá ilé ìwé, ẹ wo alága káńsù tòun ti ẹ̀wọ̀n oyè lọ́rùn, ẹ wo olówó tó ni ilé ìtajà páì, wọ́n to ara wọn bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà ògiri. Mínísítà nìkan ni kò rí ògiri nítòsí, ojú fèrèsé ló bá ara rẹ̀. Semisi fi kọ́kọ́rọ́ kejì ti ilẹ̀kùn iwájú pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, òun náà sì dojú kọ ògiri.

Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́, Barney dẹ́kun gbígbá. Ó gbóòórùn. Ó tẹ̀ lé òórùn ẹja náà dé yàrá ìfọṣọ, ó bá ike méjèèjì, ó bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí Peebles kò tì. Ó ti ike jáde. Barney kì í fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, ìyá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa: ó fà á padà, ilẹ̀kùn náà sì tì pa fúnra rẹ̀, kò ṣeé ṣí láìsí kọ́kọ́rọ́.

Nínú yàrá, gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ṣé ẹ gbọ́?" Ọ̀gá Thackwell ń bá ògiri sọ̀rọ̀, omi ayọ̀ wà lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn? Ìwé ti ṣiṣẹ́!"

Peebles pàtẹ́wọ́ sí ògiri.

"Ọ̀gbẹ́ni Thackwell," ni mínísítà wí láti ojú fèrèsé, "ta ni ọkùnrin tó ń ti ike ìdọ̀tí lọ níta yẹn?"

Ọ̀gá yíjú padà. Kò rí Barney. Ó wo ojú fèrèsé, ó sì rí i. Barney ti gbé ike méjèèjì kalẹ̀, ó ń yí wọn kí wọ́n kọjú sí títì. Mọ́tò mínísítà dí ojú ibi tí ọkọ̀ ìdọ̀tí yẹ kó gbà, Barney sì kan fèrèsé awakọ̀, ó nawọ́ síwájú bí ọlọ́pàá ìrìnnà. Awakọ̀ sún ọkọ̀ síwájú wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ó ti sá! Ẹ pe ọlọ́pàá! Yóò pa ẹnì kan!" Ọ̀gá fò mọ́ ilẹ̀kùn iwájú. Títì ló bá a. Ó gbá a. "Semisi! Ṣílẹ̀kùn!"

Semisi kò yíjú.

"Ṣé o di adití ni? Èmi ni! Ọ̀gá Pátápátá ni!" Gbà, gbà, gbà. Ó ta á nípàá. Ó tún fi orúnkún gbá a. Báàjì wúrà àyà rẹ̀ já, ó yí lọ sábẹ́ àga.

Semisi panu mọ́, ó ń wo ògiri. Ṣé ó mọ̀ ọ́n ṣe ni, àbí ìgbọràn ló pọ̀ lára rẹ̀? Ẹ má bi mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èjìká rẹ̀ ń mì tìtì.

"Ormond," Glenda pè é láti igun, kò sì pariwo rárá, "dákẹ́ díẹ̀, á ṣí i fún ọ. Bí o bá ń gbá a, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwé kọ́! Mo fẹ́ jáde! Ṣé ẹ kò rí i pé mo fẹ́ jáde ni? Kí ni ènìyàn tún máa sọ kí ẹ tó mọ̀ pé ó fẹ́ jáde?"

Òun náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú, ó ti pọ́n, ó sì ti ń wú.

Níta, ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí dé. Awakọ̀ rẹ̀ yọ orí síta, ohùn rẹ̀ sì gba inú fèrèsé wọlé dáadáa: "Barney! Barney Quillinan! Ọ̀rẹ́ mi, níbo lo gbà lọ láti ọjọ́ yìí? Òpópó Tuohy ti bàjẹ́, gbogbo wọn ń gbé ike sódì!" Barney juwọ́ fún un títí ọkọ̀ fi lọ. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ pa ìdérí ike, ó sì bọ́ sí ti aládùúgbò.

Mínísítà kò tíì kúrò lójú fèrèsé. "Ṣé ohun tó ń torí rẹ̀ gbálẹ̀kùn nìyẹn?"

"Òun náà ni, màdáámù," ni Glenda dáhùn. "Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí."

Mínísítà ṣí ìwé wúrà náà, ó wo ojú ìwé kan, ó wo òmíràn. "Mi ò rí i níbí."

Peebles kúrò lára ògiri. Ẹni tó ń pọ́n ọ lé ló mọ ibi tí o ga dé, òun ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀ bí àkàbà bá ń yẹ̀. "Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Ọlọ́lá," ó ní. "Èmi ni mo kọ ọ́, ojú ìwé àkọ́kọ́ gan-an. Ọ̀gá ní kí n yọ ọ́, wọ́n ní ìdọ̀tí ń bu ìwé kù. Ó dùn mí wọnú eegun lọ́jọ́ náà."

"O pàtẹ́wọ́!" ni Ọ̀gá Thackwell kígbe.

"Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ni, Ọ̀gá."

Mínísítà gbé ìwé náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bísíkíìtì. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí Coolagong, lónìí tàbí lọ́jọ́ mìíràn, òun yóò sì fẹ́ mọ iye ìwé mìíràn tí òǹtẹ̀ pupa yẹn ti kàn lára. Glenda fọwọ́ méjèèjì bojú, ó sunkún, kò sì tijú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ariwo ti dáwọ́ dúró tó bí ètò ṣe wí, Semisi yíjú padà, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ kú ìfaradà, Ọ̀gá," ó ní.

Wọn kò lé Ọ̀gá Thackwell. Ní ilẹ̀ yẹn, wọn kì í lé ènìyàn ńlá, wọ́n á ní kó lọ sinmi, á sì sinmi títí á fi gbàgbé ọ̀nà ọ́fíìsì. Wọ́n tú orúkọ oyè náà kúrò lára ilẹ̀kùn, ihò ìṣó mẹ́rin ló kù; ìwé wúrà nìkan ni Ọ̀gá gbé lọ sílé. Ọmọbìnrin tó ń ra bébà ni wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìwé ètò náà lọ́tun, kó sì máa lọ bá ẹni tí wọ́n kọ wọ́n fún jókòó kó tó sọ pé ìwé kan dára. Peebles ti ń nu ojú níwájú rẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ètò Barney kò ju ojú ìwé kan lọ mọ́. Ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ti di ṣíṣí, dókítà ti dín oògùn kù, kì í sùn lọ́sàn-án mọ́. N kò ní sọ fún yín pé ó di áńgẹ́lì. Bí ọjọ́ ìsinmi ìjọba bá bọ́ sọ́jọ́ Ajé tí ọkọ̀ ìdọ̀tí fi ọjọ́ kan pẹ́, Barney á lu tábìlì, gbogbo ilé á sì gbọ́ ọ. Semisi á gbé kàlẹ́ńdà wá, wọ́n á jọ wò ó, inú á rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Òpópó Kurrajong kò tó o mọ́, òun àti Semisi ti ń gba àwọn òpópó tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ilé Thackwell, ìdọ̀tí pọ̀. Peebles kò yà síbẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà wa ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ti ọ̀gá wa yìí sì ní táyà. Ó tì í síta fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó gbé e sódì. Ọkọ̀ fò ó kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún gbé e sódì lọ́nà mìíràn. Ọkọ̀ tún fò ó. Òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, aládùúgbò sì fi orin kí i káàárọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó wà lójú fèrèsé nígbà tí ó rí Barney tó ń bọ̀, síkáàfù lọ́rùn. Semisi dúró lókèèrè. Thackwell jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú sálúbàtà.

Barney kò tíì wo ojú rẹ̀, ike ló ń wò. Ó mì orí. Ó di ọwọ́ ike mú, ó yí i, iwájú sí títì, táyà sí ilé. Ìdérí pupa náà kò pa dé, nǹkan kan yọrí níbẹ̀. Barney fà á jáde, ó gbọn ewé tíì kúrò lára rẹ̀. Ìwé aláwọ̀ wúrà ni.

Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó gbọn ọ́n wò. Ọkàn Thackwell fò sókè, kò lè sọ ìdí rẹ̀. Barney rìn lọ síbi ike onídèérí yẹ́lò, níbi tí wọ́n ń da bébà sí. Ó jù ú síbẹ̀, ó pa ìdérí rẹ̀ dé dáadáa, ó sì fọwọ́ pa á.

"Ọ̀gbẹ́ni Quillinan," ni Thackwell wí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, "ṣé mo... ṣé ó ti tọ́ báyìí?"

Barney fà sẹ́yìn díẹ̀, ó yẹ ike méjèèjì wò látòkè délẹ̀, kò kánjú. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo onílé, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó dára, Ormond," ó ní, ó sì bọ́ sí ilé kejì.